Ó Ku Ṣílè Kan Lórí Àtẹ Ìyá Mi

"Rọ̀kíbátù, fi mí sílẹ̀. Mo ń san án. Ṣé o ò rí i pé mo ń san án ni?"

Bí Ìyá Bísíríyù ṣe pariwo mọ́ mi nìyẹn ní ìdájí òní, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀, níwájú àtẹ ìyá mi. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, mi ò bù kún un, mi ò bù kúrò níbẹ̀. Rọ̀kíbátù ni orúkọ ìyá mi. Ìyá mi ti kú. Èmi ni Ìyá Bísíríyù ń wò nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ yẹn, èmi náà sì dáhùn.

Torí pé mo dáhùn ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Nílé wa, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ òkú pè ní ìdájí, tó bá dáhùn, kò ní í ju ọjọ́ méje lọ tí òun náà yóò fi tẹ̀lé olórúkọ. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mi ò kàn fẹ́ kó bá mi lójijì.

Èmi, Mùsílímátù Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí Rọ̀kíbátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, láti ìdílé àwọn tó bá ọba wọn kúrò l'Ékòó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, tí mo ń gbé nílé Ìyá Bísíríyù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní Ìkòròdú, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí mo kàwé dé Sítáńdàdì Fọ́ọ̀ kí owó ilé ìwé tó tán, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Orí mi pé. Mo ka owó tó wà nínú agolo mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, iye kan náà ni mo bá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé orí mi pé. Ara mi kò gbóná. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi kọ ọ́.

Ẹni tí mo fi ṣe alábòójútó ìwé yìí ni Akọ̀wé Ọláwuyì, tí wọ́n ń bá àwọn ará ìlú kọ lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Èmi ni mo ń gbá ìsọ̀ wọn láràárọ̀. Bí wọ́n bá sá ìwé ìhágún olówó kan sórí tábìlì kí yíǹkì rẹ̀ gbẹ, mo máa ń kà á. Wọ́n mọ̀ pé mo ń kà á. Wọ́n kàn máa ń ní, "Mùsílí, ojú ni kó o fi kà á, má fẹnu kà á." Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Kí Akọ̀wé ka tèmi fún àbúrò mi Fàlílátù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bàbá wa ti lọ sí Kúmásí láti ìgbà tí ìyá wa lóyún Fàlílátù, kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ́ ọ.

1. Àtẹ ìyá mi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀, pákó mẹ́ta lórí òpó mẹ́rin, pẹ̀lú àwọn òkúta wẹ́wẹ́ orí rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún Fàlílátù, bí iná kò bá tíì jó o kí n tó kú.

Fàlílátù, o kéré nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìyá wa kì í jókòó ti àtẹ yẹn. Wọ́n á to ìdì igi ìdáná sí i ní ìdájí, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta síwájú ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bá tiwọn lọ. Òkúta kan, kọ́bọ̀ kan. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ á kọjá, wọ́n á gbé ìdì kan, wọ́n á fi tọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra igi fún ọdún mẹ́fà láìmọ ojú ẹni tó ń tà á. Lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyá wa á tún fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan há okùn. Kò sí nínú iye tí wọ́n dá lé e. Wọ́n ní, "Èènì nìyẹn. Owó ló ń ra igi, ṣùgbọ́n èènì ló ń mú oníbàárà padà wá."

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lọ wo àtẹ. Wọ́n á fi owó wé òkúta. Bó bá ṣe déédéé, wọ́n á ní, "Ó pé," wọ́n á kó òkúta náà sọ́wọ́, wọ́n á wálé. Wọn kì í sùn bí wọn ò bá tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àní bí ibà bá ń ṣe wọ́n, wọ́n á rán mi lọ wò ó, màá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, màá ní, "Ó pé, mà." Kíá ni wọ́n á sùn lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí ni wọ́n lọ ra ẹní ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ dojú dé lórí ọ̀sà. Abraham, apẹja ará Ìlàjẹ tó ń gbé ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, rí ẹní méjìlá tó léfòó, wọ́n ṣì wà nínú okùn tí ìyá mi fi dì wọ́n. Ó kó wọn wá fún wa. Ẹní ló rí. Kò rí ìyá mi. Ọ̀sà kò tíì dá wọn padà dòní.

Kò sẹ́ni tó kó òkúta kúrò lórí àtẹ. Mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹfà, bí ọjọ́ Ẹtì bá ti mọ́, tọ́rọ́ kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta mẹ́ta náà, bẹ́ẹ̀ kò sí igi kankan tí ẹnikẹ́ni lè rà níbẹ̀. Gbogbo ilé ló gbọ́ sí i. Bàbá Sàlímọ́nù, olórí agboolé wa, ní, "Àtẹ tí òkú bá ń ná ọjà nídìí rẹ̀, iná là ń fi sí i." Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Wọ́n ti ní kí wọ́n ra karosíìnì sílẹ̀.

2. Agolo mílíìkì tó wà lábẹ́ àpótí mi. Oríṣi owó méjì ló wà nínú rẹ̀. Ṣílè kan ààbọ̀ tó wà nínú àkísà pupa, owó iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ Akọ̀wé ni. Mo fi í sílẹ̀ fún Fàlílátù láti fi ṣe ojú owó.

Fàlílátù, gba ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú owó náà. Ojú owó ni owó tí òwò rẹ fi ń ríran. Ìyá wa ní, "Bébi bá ń pa ọ́, jẹ èrè, má sì jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n bó o bá jẹ ojú owó, kò ju oúnjẹ ọjọ́ kan lọ, o ti fọ́jú."

Oríṣi kejì ni tọ́rọ́ mẹ́jọ tí kò sí nínú àkísà. Àwọn tí mo ń bá lórí àtẹ láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Èmi ni mo ń kó wọn. Ilé rò pé Bàbá Sàlímọ́nù ti kó wọn fún àwọn alùfáà. Mi ò lè ṣàlàyé èyí fún ẹnikẹ́ni kí n tó kọ ọ́ síbí. Mo rò pé ìyá mi ni. Mo rò pé níbikíbi tí wọ́n wà, wọ́n ti rí ọjà tà, wọ́n sì ń fi ojú owó ránṣẹ́ sí mi díẹ̀díẹ̀, tọ́rọ́ tọ́rọ́, bí wọ́n ṣe ṣèlérí pé bí mo bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn á dá òwò sílẹ̀ fún mi. Mo máa ń gbóòórùn owó náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ó ń rùn bí omi ọ̀sà.

Òní ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyá mi. Mi ò mọ ẹni tí màá fi àwọn tọ́rọ́ náà sílẹ̀ fún. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níbí.

3. Ẹní méjìlá. Ẹnikẹ́ni kò rà wọ́n, torí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti wá. Mo fi ọ̀kan fún Abraham, torí pé nígbà tó kó wọn wá, tí Bàbá Sàlímọ́nù fẹ́ fún un lówó, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò wá ta nǹkan." Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀kan tí mo ń sùn lé, kí wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ mi. Bójò bá ti ṣú, ó máa ń tutù láìsí omi lórí rẹ̀. Mẹ́wàá tó kù, Fàlílátù, tìẹ ni, lọ tà wọ́n ní Ìtàmágà níbi tí wọn ò ti mọ ìtàn wọn.

Ṣùgbọ́n mọ èrè kó o tó lọ. Lọ́jọ́ tó o ta ẹyin adìẹ ní sísì, tó o fi gbogbo rẹ̀ ra búrẹ́dì, o ń jó kiri ilé pé o jèrè. Ta ló ra àgbàdo tí adìẹ jẹ? Èmi ni. Ṣílè kan àti tọ́rọ́ ni ìyá wa ra ẹní kọ̀ọ̀kan. Bó o bá tà á ní ṣílè kan àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án, sísì kọ́ ni èrè rẹ. Yọ owó ọkọ̀. Yọ owó alárù. Yọ ẹ̀kọ tó o jẹ lọ́nà. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn ìyẹn ni èrè. Bí kò bá sí ohun tó kù, ọjà lo fi ń ṣeré. Bó bá wá dín sí iye tó o fi rà á, àdánù ni, má pè é ní kádàrá. Lórí àwọn ẹní wọ̀nyí, ẹni tó rà wọ́n gan-an ni àdánù wa. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìyẹn.

4. Bísíríyù, ọmọ Ìyá Bísíríyù, tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ l'Ékòó, jẹ mí ní kọ́bọ̀ mẹ́rin láti ọdún tó kọjá. Ó ra ẹ̀pà láwìn, ó ní òun á san án bí òun bá dé l'Ọ́jọ́ Ajé. Kò sọ Ọjọ́ Ajé wo. Mo fi gbèsè náà sílẹ̀ fún Fàlílátù. Lọ gbà á, má ṣojú àánú. Ìyá wa ní ẹni tó bá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tó ń ra àwìn, ẹ̀rín náà ló fẹ́ fi san án. Adìẹ olójú kan, tìẹ náà ni.

5. Èlé. Ọ̀rọ̀ yìí, mi ò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ẹní, wọ́n lọ bá Ìyá Bísíríyù, ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ ìyá kan náà, pé kí wọ́n yá àwọn ní pọ́n-ùn kan. Ìyá Bísíríyù ló ń gba owó èsúsú àwọn obìnrin àdúgbò wa, gbogbo wọn ló sì gbà pé ọwọ́ wọn mọ́. Wọ́n yá wọn. Ó di ìparí oṣù, wọ́n ní kí ìyá mi mú sísì wá, èlé ni. Ìyá mi rò pé wọ́n ń ṣeré. Ìyá Bísíríyù ní, "Owó kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò." Mo wà níbẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà.

Ìyá mi san pọ́n-ùn náà, wọ́n san èlé oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n san án tán, wọ́n kà á sílẹ̀, wọ́n ní, "Ó pé, Ìyá Bísíríyù." Kí ọjọ́ náà tó dé, "ẹ̀gbọ́n mi" ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, wọn kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Orúkọ tí àwọn aláṣọ àti aláta ń pè wọ́n ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo ti rí ojú Ìyá Bísíríyù nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Bí ẹni tí wọ́n rán létí gbèsè níwájú àlejò ni.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, ìdì igi méjìlá pòórá lórí àtẹ. Kò sí kọ́bọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyá mi kó gbogbo wa lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dúró níwájú àtẹ, wọ́n ní, "Mi ò ní í gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó igi mi, kó máa rí mi, títí yóò fi san án pé." Gbogbo wa ní àmín. Ìyá Bísíríyù ló ṣe àmín tó le jù. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dojú dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdájí òní nìyí. Ó ti sú mi láti máa bá owó láìbá ẹni tó fi í síbẹ̀. Mo fẹ́ rí ìyá mi. Mo wọ ìró aláró wọn, mo fi ìborùn wọn borí, kí wọ́n lè dá mi mọ̀, torí pé mo ti ga sí i láti oṣù Kẹta. Ìkùukùu bo ọ̀nà. Mo dúró lẹ́yìn àtẹ. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró sálúbàtà. Ẹnìkan wá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí òkúta, ó gbójú sókè. Ìyá Bísíríyù ni. Wọ́n sì pariwo ohun tí mo kọ sókè ìwé yìí.

Mi ò mọ ohun tó mú mi dáhùn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ohùn ìyá mi ló wà lọ́fun mi. Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni, èmi Mùsílí. Ohun tó jáde ni, "Ó ku èló?"

Ìyá Bísíríyù forí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ku ṣílè kan. Ìdì méjìlá ni mo kó, ṣílè mẹ́ta, mo ti san méjì. Owó èsúsú ló dín lọ́wọ́ mi, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá Bísíríyù, mo kó igi rẹ tà láti fi dí i. Mi ò lè wá yá a lọ́wọ́ rẹ, Rọ̀kíbátù. Lẹ́yìn èlé yẹn, ojú wo ni mo fẹ́ fi yá a?" Wọ́n dìde, wọ́n sá. Sálúbàtà kan kù sílẹ̀. Tọ́rọ́ òní bọ́ sínú koríko, mo wá a rí. Òun ló pé mẹ́jọ.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ti wà lórí ibùsùn, ara wọn ń gbóná. Wọ́n sọ fún ilé pé àwọn rí Rọ̀kíbátù lójú korojú. Wọn kò sọ ohun tí àwọn bá a sọ.

6. Nítorí náà, èmi Mùsílímátù pàṣẹ pé bí mo bá kú, kí Akọ̀wé Ọláwuyì ka Ìkarùn-ún òkè yìí sókè ketekete níwájú gbogbo obìnrin tó ń dá èsúsú lọ́dọ̀ Ìyá Bísíríyù. Kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń kó owó wọn fún. Kí wọ́n mọ ẹni tó gba èlé lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, tó tún jí igi rẹ̀ kó, tó sì ṣe àmín. Mo ń tọ́jú owó òkú lábẹ́ àpótí mi, owó olè ni. Wọ́n gba ìyá mi lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì.

Fàlílátù ń pè mí pé kí n gbé omi gbígbóná lọ fún wọn. Màá padà wá kọ èyí tó kù.

7. Mo wọ́gi lé Ìkẹfà. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọwọ́ mi ló yọ̀.

Mo gbé omi wọlé. Ìyá Bísíríyù kọjú sí ògiri. Wọn kò yíjú. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n ní, "Dárúkọ ara rẹ kí n gbọ́."

Mo ní, "Mùsílímátù, mà. Mùsílí ni."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbóná bí ìkòkò. Wọ́n ní, "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ dáná sun àtẹ yẹn lónìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá ti kírun tán. Wọ́n ń ka ìka wọn lórí aṣọ ìbora, ẹyọ mẹ́rin, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ẹyọ mẹ́rin. Mo mọ ohun tí wọ́n ń kà. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin, tọ́rọ́ mẹ́rin, ṣílè kan.

Mo wá rí ohun tí iná yẹn yóò ṣe. Bí àtẹ bá jó, kò sí ibi tí wọn á ti san èyí tó kù. Wọn kò sì lè sọ pé kí wọ́n má jó o láìsọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ìdí rẹ̀, kò sí obìnrin kan ní Ìkòròdú tí yóò tún fi kọ́bọ̀ sọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́, wọn á máa rí ìyá mi títí wọ́n fi máa kú. Gbèsè tí kò ní ibi tí wọ́n ti máa san án.

Wọ́n ní, "Mùsílí, máa gbọ́ o, má dé ìdí àtẹ yẹn mọ́. Ìyá rẹ kò tíì sùn." Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí, bí ẹni pé èmi ni àgbà, "Bí ẹnìkan bá san án tán, ṣó o rò pé yóò sùn?"

Mo ní, "Wọn á sùn, mà. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Lórí ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ ọ. Kò lè sùn títí tí gbogbo rẹ̀ á fi ṣe déédéé." Wọ́n tún kọjú sí ògiri.

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Bísíríyù ló pọn ìyá mi sẹ́yìn, tó tọ́ wọn dàgbà.

Mo ń ṣe àtúnṣe díẹ̀. Ní Ìkejì, mo kọ ṣílè kan ààbọ̀ fún Fàlílátù. Ẹ kà á sí sísì. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí ṣílè kan lọ. Fàlílátù, sísì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ata ni kó o kọ́kọ́ tà, ata kò nílò àtẹ ńlá. Máa fi èènì lé e. Tọ́rọ́ mẹ́jọ tí mo ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún, mo ti mọ ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n wọlé bí owó igi, owó igi ni wọ́n. Fi wọ́n ra igi. Bí àtẹ bá ṣì dúró, tò wọ́n sí i.

Mo fọwọ́ sí i: Mùsílímátù Àbẹ̀kẹ́.

Ní Ìkòròdú, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ, ọdún 1956, kí àwọn ọkùnrin tó ti mọ́ṣáláṣí dé.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Fàlílátù. Ó ti ìka bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síbí. Ó bi mí bóyá ìwé owó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹlẹ́rìí kejì: Rọ̀kíbátù, ẹni tí kò ní sàréè. Mo gbé ọ̀kan nínú òkúta rẹ̀ tó wà nílé lé orí pépà, mo fi pẹ́ńsùlù yí i ká.

Ìsàlẹ̀ ìlà yìí kò sí fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tí Akọ̀wé máa rí, èyí tí màá dà kọ ni, kò ní í ní Ìkarùn-ún, kò ní í ní Ìkẹfà, kò ní í ní ọ̀rọ̀ èmi àti Ìyá Bísíríyù tó wà ní Ìkeje, kò ní í ní ariwo tó wà lókè. Èyí yóò lọ sínú iná tí mo fi ń se omi.

Kí wọ́n tó kírun tán, màá sáré dé ìdí àtẹ. Màá fi ṣílè kan mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta. Ìyá mi kò fẹ́ irọ́ nínú ìṣirò, n kò ní í sọ pé ó pé nígbà tí kò tíì pé. Màá fi owó wé òkúta, màá kó òkúta sọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n jó pákó.

Màá wọ ìró aláró náà. Màá gba ẹ̀yìn ilé dé abẹ́ fèrèsé Ìyá Bísíríyù, bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, kí n dúró níbi tí òjìji mi á ti bọ́ sórí ògiri tí wọ́n ń wò. Wọ́n ní ẹni tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méje. Mi ò mọ iye ọjọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ń bà mí. Màá ṣe é.

Màá fi ohùn ìyá mi sọ pé, "Ó pé." Iye tí owó rà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, màá fi èènì sí i. Màá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi."